Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Ọkọ̀ Onígbòkun

Àtẹ́lẹwọ́ òsì ni mo fi bo ihò kan nílẹ̀, mo sì lóṣòó tì í láàárín pálọ̀ bàbá àgbà mi. Pálọ̀ náà wà nínú ọkọ̀ onígbòkun kan tó dúró lójú ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn àga onítìmùtìmù wà níbi tí wọ́n máa ń wà, fọ́tò ìgbéyàwó wà lára ògiri, omi sì ń lu ògiri náà láti ìta.

Èmi ni mo yọ rọ́bà tó wà lẹ́nu ihò náà. Kò sí ẹni tó rán mi. Lẹ́yìn ògiri, àwọn rọ́bà omi lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ewúrẹ́, mo sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Mo fi ìka tọ ọ̀kan. Ó gba abẹ́ àga, ó gba inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó padà wá sọ́wọ́ ara mi. Inú mi dùn bí ẹni tó já àlọ́. Mo tú kílíìpù tó fún un lọ́rùn, mo sì fà á yọ láìkọ́kọ́ ti ẹ̀rọ tó yẹ kó sé omi mọ́ ìta. Nígbà tí mo rántí láti tì í, ọwọ́ ẹ̀rọ náà rún mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìpékeré. Omi ọ̀sà wọlé.

Rọ́bà náà gbé ara rẹ̀ lé mi léjìká. Ara rẹ̀ ti la bí gìgísẹ̀ ìgbà ọyẹ́.

"O ti ń wò mí tipẹ́," ó ní. "Ṣé òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè fún mi?"

Mo wá ohun tí màá fi dí ihò náà. Èdídí igi kan wà tí wọ́n gbẹ́ fún irú ihò bẹ́ẹ̀. Mo rí i. Ó ń mì síhìn-ín, ó ń mì sọ́hùn-ún lábẹ́ aago ògiri, ọwọ́ mi kò sì tó o.

Àǹtí Múínátù, àbúrò bàbá mi, kó àwọn ẹbí wọlé. Gbogbo wọn jókòó yí pálọ̀ ká. N kò sọ fún wọn pé ihò wà lábẹ́ ọwọ́ mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n wá, èmi náà ni mo ní ara ọkọ̀ náà le koko. Bí mo bá gbé ọwọ́, gbogbo wa ni yóò lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà, tàga tàga. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn láti ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà wọlé. Wọ́n ti kú kí n tó wọ yunifásítì. Gbogbo wa la mọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mẹ́nu bà á. Wọ́n dé fìlà àrán wọn. Wọ́n jókòó sórí àga wọn nídìí ọkọ̀, níbi tí irin gbọọrọ tó ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lọ ti gba ilẹ̀ jáde sínú omi. Wọ́n fi gìgísẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Láìpẹ́, ṣòkòtò wọn tutù dé orúnkún.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ti tutù," Àǹtí ní.

"Àlùwàlá ni," bàbá ní.

Gbogbo ojú wá yí sí mi. Mo tẹ orí ba láti ibi tí mo lóṣòó sí. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

"Àjàgbé," Àǹtí ní, "ṣé bàbá rẹ lò ń kí báyìí, àbí ṣáláńgá lo wà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ọkọ Àǹtí ní. "Ó ti kàwé. Ìwé kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀."

"Ìwé wo?" Àǹtí ní. "Dókítà ni ọkọ Síkírá ọmọ mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún wa nínú ẹrẹ̀."

Bàbá tẹ̀ síwájú lórí àga wọn. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Ìgbà náà ló yé mi pé ọwọ́ òsì ni mo nà síwájú wọn. Ara mi gbóná láti ọrùn dé etí. Ojú tì mí débi pé mo rí ìtìjú náà tó ń kán láti ìka mi, ó dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó sì ń ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́.

"Àyà fẹ̀ ju ọwọ́ lọ," rọ́bà sọ sí mi létí.

Mo rò ó, mo sì já a bí àlọ́. Mo gbé ọwọ́, omi yọrí, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lé e lórí. Àyà mi bo ihò náà pátápátá. N kò tíì dọ̀bálẹ̀ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Àǹtí ní. "Ọmọ wa nìyẹn."

Bàbá wúre fún mi. Wọ́n ní omi kò ní gbé mi lọ. Àwọn ẹbí ṣe àmín. Bàbá ní, "Dìde."

N kò dìde. Omi ń ti àyà mi bí ọmọ màlúù tó ń wá ọmú.

"Dìde, ó tó."

Mo fi ojú mọ́ ilẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n ní kó dìde tí kò dìde, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀," Àǹtí ní, ohùn wọn ti rọ̀. "Kí lo ṣe, Àjàgbé?"

Àwọn ẹbí ń wo ara wọn, olúkúlùkù ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́.

Bàbá wò mí pẹ́. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fi kọ́ apá àga, wọ́n sì dìde. Níbi tí gìgísẹ̀ wọn wà, rọ́bà tó yí ìdí irin náà ká ti jẹrà tán. Omi yọ níbẹ̀, ó nípọn bí ọrùn ọwọ́. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ lé e lórí, orí wọn kọjú sí orí mi. Omi dúró.

Àwọn ẹbí kọjú sí ògiri, kí wọ́n má baà rí àgbà tó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ. Àǹtí fi ìborùn bo ojú.

Irun funfun bàbá kan iwájú orí mi.

"Tìrẹ ńkọ́?" wọ́n bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù, sà."

"Tèmi náà."

Mo ń retí kí ẹnì kan ní kí wọ́n dìde. Fìlà àrán ń mì lára àga. Kò sí ẹni tó dàgbà jù wọ́n lọ nínú ọkọ̀ náà.