Ẹni Tó Mú Kọ́kọ́rọ́ Dání

Ó tún kan ilẹ̀kùn. "Màmá, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ìyá Aṣọ́nà mọ ohùn náà. Ohùn Olórí Ilé Aṣòfin ni. Kọ́kọ́rọ́ ti gbóná lọ́wọ́ màmá níbi tó ti dì í mú, síbẹ̀ kò dìde lórí àpótí tó jókòó lé nínú gbọ̀ngàn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú Ilé náà ni pé, bí àwọn aṣòfin bá ti jókòó, ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ ṣí àfi bí ẹni tó wà lórí àga ńlá bá pàṣẹ. Láàárọ̀ yẹn, Olórí fúnra rẹ̀ ló wà lórí àga, tó ń rọ àwọn yòókù kí wọ́n má gbà fún Ààrẹ, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ṣòfin pé òun ni yóò máa ṣàkóso títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ni wọ́n bá ní ìránṣẹ́ Ààrẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ níta. Ó fi igbákejì rẹ̀ jókòó sórí àga, ó jáde, màmá sì tilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn sójà ló bá níta, ló bá sá padà sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọkọ màmá yìí ló ń gbé ọ̀pá àṣẹ nígbà ayé rẹ̀, ọ̀pá tó jẹ́ pé bí kò bá sí lórí tábìlì, wọn ò lè ṣòfin kankan. Lọ́jọ́ tí Ààrẹ rán sójà wá gbà á, baba náà gbé e sá dé ẹnu ilẹ̀kùn yìí. Olórí ṣí i díẹ̀, ó nawọ́, ó fa ọ̀pá wọlé, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó gbé e wá. Gbogbo wọn jókòó sínú, wọ́n ń gbọ́ bí àwọn sójà ṣe ń lù ú pa. Nígbà tó yá, Olórí wá kí opó, ó sunkún gidi, ó wá fún un níṣẹ́ aṣọ́nà, ó ní kó fi tu ara rẹ̀ nínú. Ẹnu ilẹ̀kùn kan náà. Màmá gbà á, ó dúpẹ́, ó sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò kan Olórí.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ rántí..."

"Mo rántí," ló dá a lóhùn. "Ohùn orí àga ni mò ń retí, ọ̀gá. Bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Ó yíjú wo orí àga. Igbákejì ń wo èékánná ara rẹ̀. Aṣòfin kan ń nu dígí ojú tí kò dọ̀tí. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣí i. Níta, bàtà wọ́ nílẹ̀, ẹnì kan ké lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Ara tu màmá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé, baálé mi, a ti san án fún un.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo ọwọ́ ti nà sókè, òfin Ààrẹ ti wọlé. Igbákejì wá pàṣẹ láti orí àga pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Ààrẹ. Ìyá Aṣọ́nà ló ṣí i.

Ààrẹ dúró, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìyá, ẹ mà ṣeun o. Wọ́n ti sọ fún mi bí ẹ ṣe bá wa ṣe é."

Orúnkún màmá ti kanlẹ̀ kó tó rántí ẹni tó rán sójà sí ọkọ rẹ̀.