Aṣọ Ìyàwó Luna

Bí Reyna ṣe gun òkè dé ibi ìjókòó àwọn obìnrin nínú sínágọ́gù ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi àwọn Júù, tó bojú wo ìsàlẹ̀, ó di irin pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀.

Aṣọ ìkélé tuntun ti wà níwájú àpótí Ìwé Òfin. Àrán pupa ni, pẹ̀lú òdòdó olówùú wúrà láti òkè dé ilẹ̀. Aṣọ ìyàwó Luna ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ibà pa nígbà tí ìgbéyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo ìgbà òtútù ni Reyna fi tú aṣọ náà, tó sì tún un rán, kí orúkọ ọmọ rẹ̀ lè máa wà nínú sínágọ́gù wọn ní Izmir. Djoya, àbúrò rẹ̀, ló gbé e lọ fún ẹni tó máa kọ orúkọ sí i, nítorí ojú Reyna kò gbé iṣẹ́ wínníwínní mọ́.

Orúkọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Luna. Ó tún un kà. Mazaltov ni, ìyá ọkọ Djoya.

“Djoya, ẹ kú iṣẹ́ o!” obìnrin kan kí i láti ẹ̀yìn. “Ìyá ọkọ yín á máa yọ̀ lọ́run.”

“Ẹ ṣeun, a dúpẹ́.” Djoya kò wo ọ̀dọ̀ Reyna.

“Orúkọ ta nìyẹn?” Reyna bi í.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Wọ́n ń wò wá.”

“Orúkọ ta ni?”

“Nissim ọkọ mi ló ní òun tí òun jẹ́ alága sínágọ́gù yìí, ìyá òun ò ní nǹkan kan níbí. Luna ò lọ́kọ, kò lọ́mọ. Ta ló máa bèèrè rẹ̀?”

“Èmi ńkọ́?”

“Mo rò pé ẹ ò ní rí i kà láti òkè yìí.”

Nísàlẹ̀, wọ́n fa aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń gbé Ìwé Òfin jáde. Gbogbo èèyàn dìde. Reyna náà dìde. Djoya yìí kan náà ló fi eyín di abẹ́rẹ́ mú lọ́jọ́ tí Luna wọ aṣọ yẹn wò, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ní kí ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́.

Ní ọ̀sán, Djoya la àgbàlá tí wọ́n jọ ń lò kọjá, ó gbé abọ́ ẹyin sísè wá bó ṣe máa ń ṣe.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká jẹun.”

Reyna gba abọ́ náà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ ṣeun, ìyàwó alága. Ẹ kí wọn nílé.”

Ojú Djoya yí padà. Reyna fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ. Láti ìgbà tó ti ń pọ̀n ọ́n lọ́mọdé, kò pe àbúrò rẹ̀ ní “ẹ” rí. Ó fẹ́ yí i padà sí “o”, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀.