Ẹ̀jẹ̀ Tó Sùn Nínú Fíríìjì

Ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin ló ni yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, èmi náà ò sì pè wọ́n ní nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá Káfíńtà wá fún àyẹ̀wò. Ọkàn wọn ò lágbára mọ́, oògùn ló ń bá wọn gbé e ró.

"Ìyàwó mi, rọra o," ni wọ́n wí bí mo ṣe mú abẹ́rẹ́. "Èyí tó kù lára mi ò pọ̀ o!"

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo fa ẹ̀jẹ̀ náà, mo kọ orúkọ wọn sára ìgò, àmọ́ mi ò kọ aago tí mo fà á. Ó kù ká gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí-bírí títí omi ẹ̀jẹ̀ á fi yà kúrò lára pupa rẹ̀. Ọ̀gá nìkan ló ń tan ẹ̀rọ yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn àti Bàbá Káfíńtà ti wọnú ìtàn ìgbà èwe wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín dé ibi tí omijé fi ń bọ́ lójú wọn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo húkọ́. Kò sẹ́ni tó wò mí, ojú sì ń tì mí láti já lu ọ̀rọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ṣú sí, Ọ̀gá sin àlejò wọn lọ, wọn ò padà wá.

Mo ro ti ilé wa: ohun tí a kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, fíríìjì là ń gbé e sí. Mo gbé ìgò náà síbẹ̀. Mo tiẹ̀ yin ara mi.

Láàárọ̀, mo kó o mọ́ àwọn ìgò tuntun. Ọ̀gá yí gbogbo wọn pọ̀, wọ́n ṣe àyẹ̀wò, èsì lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìyàwó Bàbá Káfíńtà fà wọ́n wọlé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti wú, èémí wọn ń lọ sókè sódò.

"Dókítà ní iyọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní pòtásíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ní kí wọ́n dá oògùn ọkàn dúró. Ẹ wò wọ́n! Ṣé ó dá yín lójú pé èsì yẹn pé?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn," Ọ̀gá dáhùn. "Àfi tí ẹ̀jẹ̀ bá sùn nínú òtútù ká tó yí i, ìgbà yẹn ni pupa máa ń tú iyọ̀ rẹ̀ sínú omi. Ìyẹn ò sì lè ṣẹlẹ̀ níbí. Mo lè fi..."

"Ó sùn, mà." Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo gbé e sí fíríìjì."

Ojú Ọ̀gá ni mi ò lè wò, torí ṣe ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi orúkọ ara wọn búra.

Bàbá Káfíńtà na apá. "Fa òmíràn. Ṣé o fẹ́ kí n kúnlẹ̀ tì ọ́ ni?"

Mo mú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á fúnra wọn. Wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà dì díẹ̀, wọ́n sì yí i lójú wa. Iyọ̀ náà ò pọ̀ jù rárá. Ọ̀gá tẹ dókítà láago, wọ́n sì gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Dókítà ní kí wọ́n gbé bàbá wá kíákíá, kí wọ́n sì mú oògùn náà dání, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó padà.

Ìyá ń wá bàtà ọkọ wọn lábẹ́ àga. Wọ́n gbójú sókè wò mí.

"Tiwọn nìkan lo gbé síbẹ̀?"

Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Ìgò méjì mìíràn wà, mà," ni mo wí. "Lẹ́yìn ti bàbá ni mo gbé wọn síbẹ̀."

Ọ̀gá fa ìwé orúkọ jáde, wọ́n ṣí i síwájú mi. "Fi wọ́n hàn mí." Mo nàka sí orúkọ àkọ́kọ́. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ni.