Ohùn Tó Ń Dá Jí

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ò ríran, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó purọ́ fún wọn tó mú un jẹ. Iṣẹ́ wọn ni pé wọ́n á fetí sí ohùn ìpàdé táwọn èèyàn gbà sílẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ń ka ohun tó bá wà lójú rẹ̀ sókè fún wọn. Bí ètò yìí bá ti ń sọ̀rọ̀, ìka wọn kì í sinmi. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohùn náà kì í dá jí. Láràárọ̀, èmi tí mò ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ni mo máa ń já wọ yàrá wọn, mà á tẹ àṣẹ tó ń jí i, mà á já jáde, ó dibi iṣẹ́ mi. Tí oorun bá wá gbé mi lọ, Àǹtí á jókòó ti ẹ̀rọ tó tàn tí kò fọhùn, wọ́n á máa retí mi. Ó máa ń bí wọn nínú, wọn kì í sì í fi bò.

Ọ́fíìsì kan wá fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní àga tó bá ṣófo ni òṣìṣẹ́ ń jókòó sí, òun ò sì ní ẹni tóun máa yàn láti máa bá ẹnikẹ́ni jí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni yóò dán wọn wò. Bí ohùn ò bá dá jí lórí ẹ̀rọ tó bá kàn wọ́n, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

"Kékeré nìyẹn lọ́wọ́ mi," mo ní.

"Ó dọwọ́ ẹ, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Àǹtí wí. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

Kì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ tó bá ń lo Linux, ìyẹn ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà ilé wa àti ti ọ́fíìsì yẹn, ní ètò kan tó ń kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń jí àwọn tó kù. Init là ń pè é, oríṣiríṣi ló sì wà. Init àtijọ́ ló wà lórí ẹ̀rọ ogbó ilé wa: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jí wọn, bí ìyá tó ń jí ọmọ fún ilé-ìwé. Systemd ló wà lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì yẹn, ìyẹn máa ń jí gbogbo ilé pa pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ ń lo OpenRC, tí kò jọ bàbá, tí kò jọ ìyá. Àṣẹ tí ọ̀kan gbọ́, èkejì ò ní gbọ́. Mo bá kọ àṣẹ ìjí kan ṣoṣo, mo wá kọ ìwé kékeré fún init kọ̀ọ̀kan pé kó lọ pè é.

Ọ̀gá yá wa ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ systemd. Lọ́sàn-án Sátidé, mo tàn án.

"Ó ti bọ́ sí i!" mo kígbe. "Ó ń ṣiṣẹ́, Àǹtí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà lójú ẹ̀rọ gbàgàdà."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Àbí ẹ ò gbà mí gbọ́ ni? Mo ní mo rí i!"

"Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi, etí ló wà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́." Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ wá ẹ̀yìn ẹ̀rọ, wọ́n yọ wáyà tó so ó mọ́ ojú rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n sì jókòó lé e. "Ó yá, tún un tàn."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbé bàtà mi kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo tàn án. Sípíkà dún "tó" fẹ́ẹ́rẹ́. Ohùn ò jáde.

"O gbọ́ 'tó' yẹn?" ni wọ́n bi mí. "Lórí ẹ̀rọ ilé, ó máa ń pẹ́ tó ti dún kí ohùn tó dé."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. "Tó" yẹn ni ìgbà tí sípíkà ń jí. Níbi tí gbogbo wọn ti ń jí pa pọ̀, ohùn ti sọ tiẹ̀ tán kí sípíkà tó lajú. Mo bẹ Àǹtí títí wọ́n fi dìde lórí wáyà. Inú àṣẹ ìjí gan-an ni mo kọ ọ́ sí, kò sí nínú ìwé init kankan: dúró kí sípíkà jí, kó o tó lanu. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ pé "Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe é!" Ó sọ ọ́ ketekete, mo sì yan fanda yíká yàrá.

"Yọ ìyẹn kúrò," ni Àǹtí wí. Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tètè dé ọ́fíìsì láti fi iṣẹ́ mi sórí gbogbo ẹ̀rọ. Èyí tó ń lo OpenRC nìkan ni mi ò ráyè dán wò, torí ẹnì kan ń lò ó. Àfi bí ẹni náà ṣe pa á, tó dìde, tó sì di pé àga yẹn nìkan ló ṣófo.

Àǹtí jókòó, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tàn, ohùn ò tíì jáde.

Ọ̀gá na ọrùn. "Ó ti ń ṣiṣẹ́, mo rí i lójú ẹ̀ níbí."

"Ẹ ṣeun, sà," ni Àǹtí wí. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ."

Sípíkà dún "tó".

"Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe é!" ni ohùn náà pariwo, gbogbo ọ́fíìsì yíjú. Ojú tì mí, àmọ́ inú mi dùn ju bí ojú ṣe tì mí lọ. Ìka Àǹtí ti ń sáré. Ọ̀gá ní òun ti gbà wọ́n, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"O ṣì dúró níbẹ̀?" ni Àǹtí bi mí. "Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oorun gbé mi lọ. Mo gbàgbé pé mo ti fi àṣẹ náà sórí ẹ̀rọ ilé lálẹ́ àná, mo sáré já wọ yàrá Àǹtí. "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n bá yín jí i!"

Ohùn ti ń kàwé lọ ràì.

"Ó ti jí," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ibi tí mo máa fi ọwọ́ sí. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, síbẹ̀ ó dùn mí díẹ̀. "Kí ni kí n wá máa wá ṣe níbí láràárọ̀ báyìí?"

Wọ́n pa ohùn náà lẹ́nu mọ́. "Máa wá kí mi. Gbogbo ìgbà tó o ti ń já wọlé yìí, kọ̀ǹpútà lò ń kí."

Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, Àǹtí," mo ní.