Orúkọ Tó Wà Nínú Èkù Idà

Láti ọjọ́ tí Toyono ti wọlé ọkọ ní ìlú Tsuyama ló ti ń wù ú láti rí orúkọ kan. Bí ọtí ìrẹsì bá ti wọ Bàbá Genpachi, bàbá ọkọ rẹ̀, lára báyìí, ọ̀rọ̀ idà ilé wọn ló kù. Alágbẹ̀dẹ ńlá ló rọ ọ́, ó fín orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí irin náà, èkù sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ a máa yún Toyono bó bá ń gbálẹ̀ níwájú idà yìí, ṣùgbọ́n ta ni yóò dán an wò?

Nígbà tí ogun dé, Shunsaku ọmọ rẹ̀ di ọ̀gá láàárín àwọn sójà. Ohun tó ya Toyono lẹ́nu ni pé sájẹ́ǹtì ni ìjọba ń fún ní idà. Ọ̀gá tó ju sájẹ́ǹtì lọ, òun ni yóò wá tirẹ̀. Ẹni tí kò bá ní idà nílé a ra tuntun ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ológun, ẹni tó bá ní a gbé e fún oníṣẹ́ kó fi èkù àti àkọ̀ ti sójà sí i.

"Ọmọ ilé yìí ò ní gbé irin ọjà lọ sójú ogun!" ni Bàbá Genpachi wí, ló bá kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ Iwase, oníṣẹ́ idà.

Iwase fi idà náà kọ́ Shunsaku níbàdí. Ìdí àkọ̀ ń wọ́lẹ̀ tuurutu.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé idà ni àbí idà ló gbé yín?" Iwase bú sẹ́rìn-ín. "A máa gé e kúrú."

"Ẹ gé e lẹ́nu?"

"Rárá, Bàbá. Ẹnu idà ò ṣeé gé. Ìsàlẹ̀, nínú èkù, la máa ń gé."

Ibi tí orúkọ wà gan-an nìyẹn. Ojú Bàbá Genpachi pọ́n.

"Ẹ kúkú gé èmi náà mọ́ ọn!"

"Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ n ra ti ṣọ́ọ̀bù," ni Shunsaku wí jẹ́jẹ́.

Toyono kò já bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu rí. Ọjọ́ náà, ó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá ń sáré níwájú ọ̀tá tí idà sì gbé e ṣubú ńkọ́? Ṣé orúkọ ló máa gbé e dìde?"

"Ta ló bí i kúkurú?"

"Èmi ni, Bàbá. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín."

Bàbá wúkọ́, ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí. "Ó dáa. Ẹ gé e."

Iwase yọ ìṣó oparun, ó fa èkù kúrò. Toyono ti na ọrùn síwájú kí gbogbo wọn tó mọ̀. Orúkọ náà rèé! Ó ti dípẹtà, ó sì kéré ju bó ṣe rò lọ, àmọ́ ó fi ìka tọ ọ́ léraléra, inú rẹ̀ sì dùn bíi ti ọmọdé. Wọ́n gé e. Shunsaku gbé idà lọ, Toyono fi aṣọ wé ègé irin tí orúkọ wà lára rẹ̀, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀.

Ní ọdún kejì, àwọn ológun gbé àpótí funfun kan wá, irú èyí tí wọ́n fi ń kó egungun sójà tó kú sógun wálé, wọ́n ní Shunsaku nìyẹn. Àwọn aládùúgbò tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n tẹríba. Toyono gbé e délé, ó sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ṣí i. Bébà pélébé tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí nìkan ló wà nínú rẹ̀. Kò sí egungun, kò sí idà. Bàbá Genpachi bo ojú, ó sunkún kíkorò.

Toyono lọ síbi dúrọ́ọ̀. Ó gbé irin náà sínú àpótí, ó dé e padà, ó sì gbé e lé Bàbá lọ́wọ́.

"Ẹ gbà á mú, Bàbá. Ó ti wúwo díẹ̀ báyìí."