Ta Ló Ni Èémí Yẹn?

Ọdún mọ́kànlélógún ni Jikke àti Teunis fi yan ara wọn lódì, nítorí ohun tí kò gùn tó kí èèyàn ṣẹ́jú. Ìdádúró kékeré kan ni, nínú orin kan tí àwọn méjèèjì jọ ṣe ní Rotterdam nígbà tí ara wọn ṣì le koko. "Omi Fà" ni wọ́n pe orin náà. Ohùn obìnrin kan máa ń lọ gbọọrọ nínú rẹ̀, á wá já lójijì bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì, lẹ́yìn náà ni ìlù ńlá á balẹ̀ gbì. Ní gbogbo ilé ijó etí odò Maas nígbà náà, bí ìdádúró yẹn, tí wọ́n ń pè ní èémí, bá ti dé, ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn á wà lókè, kò sì sẹ́ni tó máa gbé tirẹ̀ sílẹ̀ títí ìlù á fi dún.

Ta ló ṣe èémí yẹn? Jikke, obìnrin tó ni ohùn náà, ní òun fi ọwọ́ ara òun gé e níbẹ̀. Teunis ní irọ́ ni, òun lòun dá ihò sí ìlù. Lọ́jọ́ kan tí Jikke ń din ẹyin lọ́wọ́, ó gbọ́ Teunis lórí rédíò, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun nìkan lòun ṣe é. Kò tilẹ̀ dárúkọ ẹnì kejì. Ẹyin jóná mọ́ páànù, ọ̀rẹ́ sì bàjẹ́.

Wọ́n wá pín ẹrù bí ẹni tó kọ ara wọn sílẹ̀ ní kóòtù. Jikke gbé sáńpílà, ìyẹn ẹ̀rọ eléérú olójú bọ́tìnnì mẹ́rìndínlógún tó ń gbá ohùn mú tó sì ń dá a sọ padà, èyí tí wọ́n fi ṣe orin náà. Teunis kó àwọn dísìkì tí orin wà nínú wọn. Ẹ wo ọgbọ́n àgbàlagbà! Sáńpílà tí kò ní dísìkì, àpótí òfìfo ni. Dísìkì tí kò rí sáńpílà, ike lásán ni. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kálukú gbé tirẹ̀ sórí àjà, ó sì jẹ́ kí eruku máa kún un.

Orí àjà ni nǹkan náà ì bá wà títí dòní tí kì í bá ṣe ti Fenna, obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ oníjó kan ní Deventer. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì. Ó ní òun fẹ́ fi "Omi Fà" ṣe ijó tuntun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ tún orin náà tò fúnra òun, nítorí náà kí wọ́n jọ̀ọ́ gba ohùn kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ìlù dá wà, kí béèsì dá wà, kí ohùn dá wà. Kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé lòun ń retí rẹ̀, ó pẹ́ tán.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jikke ka ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ orúkọ yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ó gbé fóònù.

"Teunis, Jikke ni."

Ọkùnrin náà bi í pé, "Jikke wo?"

"Jikke mélòó lo mọ̀? Kó àwọn dísìkì yẹn wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá. A máa gba gbogbo ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tá a bá ti bá èémí yẹn, ẹni tó ni ibẹ̀ ló ṣe é."

"Tá a bá bá a nínú ìlù mi ńkọ́?"

"Màá bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n inú ohùn mi la máa bá a, ìwọ lo sì máa bẹ̀ mí, lójú gbogbo àwọn oníjó Fenna."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tètè máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn."

Lọ́jọ́ Sátidé, bí aago ti lù mẹ́wàá ni Teunis tẹ agogo ẹnu ọ̀nà. Òjò ti lu òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti àdúgbò Kralingen wá, ṣùgbọ́n ó fi àpò ike mẹ́ta di àwọn dísìkì náà bí ọmọ tuntun. Irun orí rẹ̀ ti lọ. Jikke, tó ń wa tírámù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìgboro, láti ọdún yìí wá tó sì ń rí oríṣiríṣi orí lójoojúmọ́, wo orí náà, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì pa á mọ́ra. Ó fún un ní kófì àti bísíkítì kan ṣoṣo, ó sì dé agolo bísíkítì padà. Bí a ti ń ṣe nílùú wa nìyẹn, kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó fi agbára díẹ̀ kún dídé agolo náà.

Ihò mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn sáńpílà náà tí ohùn ì bá ti máa jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti pa gbogbo wọn, àfi èyí tó ń kó gbogbo ohùn jáde pọ̀. Nítorí náà ọ̀nà kan ló kù. Wọ́n ní láti pa gbogbo ohùn lẹ́nu mọ́ ku ẹyọ kan, kí wọ́n jẹ́ kí orin lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí kọ̀ǹpútà gbà á, kí wọ́n tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún ohùn mìíràn. Ohùn mọ́kànlá ni, orin sì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà.

"Èmi á tẹ sáńpílà, ìwọ tẹ kọ̀ǹpútà," ni Teunis wí. "Tí mo bá ka ẹẹ́ta."

"Tó o bá ń ka ẹẹ́ta lọ́wọ́, àbí tó o bá ti kà á tán?"

"Jikke, má bẹ̀rẹ̀."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìwọ lò ń sáré. Bó o ṣe máa ń sáré nìyẹn láti—"

"Oókan, eéjì, ẹẹ́ta!"

Wọn ò bára wọn mu. Wọn ò bára wọn mu lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò sì bára wọn mu lẹ́ẹ̀kẹrin. Níkẹyìn, Jikke wá wáyà kan jáde, ó fi so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, pé kí kọ̀ǹpútà máa pàṣẹ fún sáńpílà, kí wọ́n lè jọ gbéra, kí wọ́n jọ dúró. Ẹ̀rọ méjèèjì gbọ́ ara wọn yé lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ni wọ́n kò wo ojú ara wọn.

Ohùn ni Jikke ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbà, torí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́. Ohùn tirẹ̀ náà ni, ó gbà á nínú ilé ìwẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ká ọwọ́ gbera, ó sì ń dúró de ibi tí ohùn á ti já. Ohùn náà bẹ̀rẹ̀ gbọọrọ, ó ń lọ. Ó dé ibẹ̀. Ó kọjá ibẹ̀. Ó lọ tààrà láìmí rárá, àfi bí ẹni tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í tán.

Gbogbo ara Jikke tutù. Ó rántí bó ṣe gé e, ó rántí bọ́tìnnì tó tẹ̀, ó tilẹ̀ rántí aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé gbogbo ìyẹn ni òun kàn rò sórí?

Teunis ti dìde. Ó ń jó yí àga po. "Ó parí! Bẹ̀ mí! Bẹ̀ mí dáadáa, sọ ọ́ síta kí n gbọ́!"

"Jókòó síbẹ̀. Ìlù ẹ ò tíì sọ̀rọ̀."

Wọ́n gba ìlù ńlá. Gbì, gbì, gbì, gbì. Ó dé ibẹ̀, gbì. Ó kọjá ibẹ̀, gbì. Kò sí ihò kankan. Teunis tẹ etí mọ́ ẹ̀rọ agbóhùn, ó ní kí wọ́n tún un gbà, wọ́n tún un gbà, ìlù kò yí ohùn padà. Ó rọra jókòó. Ó dà bíi pé aṣọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù ni.

"Jikke, mo lè búra."

"Èmi náà lè búra."

Wọ́n gba àwọn tó kù. Béèsì àti fèrè ọkọ̀ ojú omi, tí Jikke gbà ní èbúté. Dùùrù àti símbálì, tí Teunis ṣe. Títí dé ìlù kékeré kan tí Teunis fi sí ẹ̀yìn, tó ń dún tọ́ ṣáájú ìlù ńlá, tó rọ̀ débi pé etí kì í gbọ́ ọ. Kò sí èémí nínú ọ̀kankan wọn. Nígbà tí ohùn mọ́kànlá pé nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n jẹ́ kí gbogbo wọn dún pọ̀. Ó mọ́. Ó dùn-ún gbọ́. Ó sì ti kú fin-ín fin-ín. Ibi tí ẹsẹ̀ ogunlọ́gọ̀ èèyàn máa ń wà lókè, orin kàn ń rìn gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì.

"A ti pa á," ni Teunis wí. Ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan mọ́. "Dísìkì ti jẹrà. Kí la fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Fenna?"

Ó ya Jikke lẹ́nu pé kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́kàn òun mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti fi ọdún mọ́kànlélógún jà lórí ẹni tó ni nǹkan náà, kò sì rò ó rí pé nǹkan náà lè sọnù.

"Dúró ná," ni ó wí. "Fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Ṣí ẹnu gbogbo wọn lórí sáńpílà fúnra ẹ̀."

Wọ́n ṣí i. Orin bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ń lọ, ó ń lọ, ó já, ìlù balẹ̀ gbì. Àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Jikke wà lókè, kò mọ ìgbà tó gbé e.

Ó wá ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pa fèrè ọkọ̀, èémí lọ. Ó dá fèrè padà, èémí dé. Ó pa símbálì, èémí lọ. Ó pa ìlù kékeré tí etí kì í gbọ́, èémí lọ.

Teunis fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ tó ń dán. "Ẹnu mẹ́jọ! Jikke, ẹnu mẹ́jọ péré ni ẹ̀rọ yìí ní! Kò lè sọ ju ohùn mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kà á, kà á! Ìka dùùrù mi mẹ́rin. Béèsì ẹ, márùn-ún. Fèrè ẹ, mẹ́fà. Símbálì mi, méje. Ohùn ẹ, mẹ́jọ. Ìlù kékeré wá dé, ó di mẹ́sàn-án. Ẹnu ti tán!"

"Ló bá pa ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́ lẹ́nu mọ́," ni Jikke wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èmi nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀."

"Ta ló wá ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é. Tó o bá yọ tìrẹ kúrò, kò sí. Tó o bá yọ tèmi kúrò, kò sí." Ẹ̀rín ti ń pa á. "Ẹ̀rọ yìí mọ̀ wá jù. Ṣebí bó o ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn? Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ mi jẹ́jẹ́, wàá kàn já lu—"

"Èmi? Èmi kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni!"

Jikke rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìtìjú tó mú Teunis, nígbà tó sì mú un, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Òtítọ́ tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún dé lóòótọ́, ọdún kan péré ló fi pẹ́, àwọn méjèèjì ló sì bá.

Wọ́n gba ohùn kejìlá fún Fenna, gbogbo wọn lápapọ̀ bí sáńpílà ti ń sọ ọ́, torí ọ̀nà mìíràn kò sí tí èémí yẹn fi lè dé Deventer. Kọ̀ǹpútà béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é. Lára àwo orin àtijọ́, orúkọ Teunis ló ṣáájú, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi ju ti ẹnì kejì lọ. Teunis fa pátákó bọ́tìnnì ìkọ̀wé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ "Jikke", ó wá tẹ "àti Teunis" tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán ti pọ́n. Jikke jáde lọ ra kápúsálọ́ọ̀nù méjì ní ìkóríta, ọ̀dùnkún díndín tí wọ́n kó ẹran àti wàràkàṣì lé lórí tí èéfín ń rú lára rẹ̀. Nígbà tó dé, Teunis ṣì jókòó síbi tó fi í sí, ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku orí sáńpílà.

"Jikke," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí rédíò níjọ́ yẹn, mo fẹ́ kó o mọ̀ pé mo—"

"Jẹun," ni Jikke wí. "Ó ń tutù."

Ó bu kófì mìíràn fún un. Ó gbé agolo bísíkítì sáàárín tábìlì, ó ṣí i, ó sì fi ìdérí rẹ̀ sórí fèrèsé.