Funfun Lórí Funfun

Bí Bàbá Nayef bá gba ojúewé ayélujára tí wọ́n ṣe fún un lónìí, ilé iṣẹ́ tí Rawan ti ń kọ́ṣẹ́ yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá. Bí bàbá náà bá kọ̀ ọ́, ilé ni Rawan ń lọ. Bàbá yìí ni olórí ẹgbẹ́ akọrin àwọn afọ́jú ní Amman. Ìyá Rawan wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí bàbá náà fi bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba ọmọ náà.

Rawan ló to egungun ojúewé ayélujára wọn: àkọlé lókè, ìtàn ẹgbẹ́ lábẹ́ rẹ̀, orin wọn nísàlẹ̀. Waddah, ọ̀gá rẹ̀, ló wọ̀ ọ́ láṣọ: àwọ̀, irú lẹ́tà, àyè àárín ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Waddah ní ìwà burúkú kan. Níbi tí oníbàárà kò bá tíì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀fẹ̀ ló máa ń kọ síbẹ̀. Rawan ka èyí tó kọ lọ́tẹ̀ yìí, inú rẹ̀ bàjẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká pa èyí rẹ́."

"Kí gbogbo àyè tí mo tò wá dàrú? Fi funfun kùn ún jàre. Funfun lórí funfun, ta ló fẹ́ rí i?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn wo gan-an ló fẹ́ wò ó?"

Ojo mú Rawan, ó kùn ún. Ọmọ ìyá afọ́jú, tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Bàbá Nayef dé, ó mu kọfí, ó ní kí kọ̀ǹpútà òun ka ojúewé náà sókè. Ẹ̀rọ tó ń kàwé kò mọ àwọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ inú egungun ló ń kà. Ó ka àkọlé, ó ka ìtàn, ó sì ń kà á lọ:

"Afọ́jú wo ló mọ ohun tó rẹwà? Ẹ da pàǹtírí síbí, wọn á ní ẹ ṣeun."

Waddah yára fò dìde. "Rawan! Kí lo kọ síbẹ̀ yìí?"

"Irọ́ ni, Bàbá! Òun ló kọ ọ́!"

"Ṣé o ti rí i tẹ́lẹ̀?" ni bàbá náà bi í.

"Mo rí i."

"Kí lo wá ṣe sí i?"

"Mo... mo fi funfun kùn ún, Bàbá."

Bàbá náà gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ wá. Ìwọ mọ̀ wá. Ọwọ́ ìyá rẹ lo dì mú dàgbà." Ó kọjú sí ibi tí ohùn Waddah ti wá. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ kọrin, a ò ráyè wá ẹlòmíràn. Ẹ pa á rẹ́, mo gba iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ó ti lọ, Bàbá," ni Waddah sọ, bẹ́ẹ̀ Rawan ṣì dúró níwájú wọn.

"Kò tíì lọ," ni bàbá náà wí. "Mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Ẹ ní kó máa lọ."